Rédíò Tí Màmá Máa Ń Kí

Ìṣó ńlá kan wà nínú iná èédú, ó ti pọ́n dé ìdajì. Màmá àgbà fi àkísà mú ìdí rẹ̀, ó yọ ọ́ jáde, ó fi orí rẹ̀ kan lẹ́ẹ̀dì, irin rírọ̀ tí wọ́n fi ń so wáyà pọ̀. Èéfín funfun kan rú sókè, ó ń rùn bí oje igi tó ń jó. Mo fi ọwọ́ bo imú. Bàbá àgbà kò lè bo tirẹ̀, nítorí ọwọ́ òsì nìkan ló kù tó ń gbọ́ràn sí i lẹ́nu, ó sì ti fi í di etí ẹní mú. Ọ̀sán gangan ni. Oòrùn Lókójà tí kì í ṣàánú ẹnikẹ́ni wà lórí páànù, kò sì sí iná ìjọba tí yóò yí fáànù. Màmá bẹ̀rẹ̀ mọ́ rédíò tó wà ní ṣíṣí lórí àpótí, ó ń wá ibi tó ti ń dùn ún.

Kí n tó sọ bí ọ̀sán ọjọ́ náà ṣe parí, ẹ jẹ́ kí n sọ bí mo ṣe dé ibẹ̀. Ọmọ ọdún mẹ́jọ ni mí nígbà náà. Ìyá mi ń kàwé lọ́wọ́ ní Ìlọrin, kò ráyè ọmọ, wọ́n bá gbé mi lọ sọ́dọ̀ àwọn òbí rẹ̀ ní ẹsẹ̀ Òkè Pátì. Ilé náà ti rẹ̀ kí n tó dé ibẹ̀. N kò mọ bí mo ṣe lè sọ ọ́ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Àrùn rọpárọsẹ̀ ti gba apá ọ̀tún Bàbá àgbà, ó sì ti gba ọ̀rọ̀ lẹ́nu rẹ̀. Màmá àgbà, tó ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ taípíìsì, ló ń gbé e dìde láàárọ̀, òun ló ń wẹ̀ ẹ́, òun ló ń fún un lóúnjẹ, òun ló ń yí i síhìn-ín sọ́hùn-ún kí egbò má baà yọ sí i lẹ́yìn. Lẹ́yìn náà, aṣọ fífọ̀ àti omi pípọn. Bí ó bá jókòó nígbẹ̀yìn, á mí kanlẹ̀, màá rò pé ó fẹ́ sọ̀rọ̀. Á tún dìde.

Òwòrò ni wọ́n, Yorùbá apá Lókójà, ìkíni wọn sì ni "Okun o." Bí èèyàn ń ṣiṣẹ́, okun. Bí ó ti oko dé, okun. Bí ó ṣàìsàn, bí ọ̀fọ̀ ṣẹ̀ ẹ́, okun náà ni; agbára ni wọ́n ń bá a fẹ́. Èmi tí mo ti Ìlọrin dé, tí etí mi kò tíì mọ́ ohùn wọn, okùn ni mo gbọ́. Àwọn àgbẹ̀ tó ń bọ̀ láti abúlé á dúró lẹ́nu ọ̀nà, wọ́n á ní "Okun o," Màmá á dáhùn pé "Okun," ẹnikẹ́ni kò sì ní fún ẹnikẹ́ni ní nǹkan kan. Mo rò ó nínú mi pé irú ìlú wo ni èyí tí gbogbo ayé ti ń tọrọ okùn, tí wọ́n sì ń fi wọ́n sílẹ̀ lọ́wọ́ òfo. Ní ọjọ́ kẹta, baba kan tó dé fìlà ìmàle, tó gbé iṣu wá, dúró lẹ́nu ọ̀nà ó ní, "Okun o." Mo sáré lọ sẹ́yìnkùlé, mo tú okùn tí a ń sá aṣọ sí, mo fi ọwọ́ méjèèjì gbé e fún un, mo tún kúnlẹ̀.

Baba náà ń yí okùn náà wò. Màmá rẹ́rìn-ín títí ó fi jókòó sílẹ̀. Nígbà náà ni a gbọ́ ìró kan láti orí ẹní, bí ilẹ̀kùn tí a kò ṣí láti ọjọ́ pípẹ́. Bàbá ló ń rẹ́rìn-ín, ní ìdajì ẹnu. Màmá dákẹ́ ẹ̀rín tirẹ̀ kí ó lè gbọ́ ti Bàbá.

"Ó ti pẹ́ o," ó ní, jẹ́jẹ́. Láti ọjọ́ yẹn ni Bàbá ti di tèmi. Ibi tí mo bá yà sí nínú pálọ̀, ojú rẹ̀ á tẹ̀lé mi.

Rédíò kan wà tó máa ń wà lẹ́bàá orí rẹ̀ láti àárọ̀. Wọ́n á sọ̀rọ̀ ní Haúsá, wọ́n á sọ ní Ígálà, ní Ebira, ní Núpé, ní Yorùbá, Bàbá gbọ́ gbogbo rẹ̀. Bí ìròyìn bá dùn, ìka rẹ̀ á máa jó lórí ẹní. Bí ẹni tó ń sọ̀rọ̀ bá sọ ìsọkúsọ, á pòṣé ní ìdajì ẹnu. Yàtọ̀ sí rédíò yìí, kò sí ẹni tó ń bá a sọ̀rọ̀ tí kì í bi í bóyá ó fẹ́ tọ̀. Ìgbà tí ọyẹ́ wọlé ni rédíò bẹ̀rẹ̀ sí í já lẹ́nu ọ̀rọ̀. Màmá gbé e lọ sọ́dọ̀ ọkùnrin kan tó ń tún un ṣe ní ọjà Kpata, lẹ́bàá àwọn ẹlẹ́ja. Ẹ̀ẹ̀mejì ló gbé e padà wálé, tó ń rùn bí ẹja gbígbẹ, tí kò sì san. Ní ẹ̀ẹ̀kẹta, ọkùnrin náà kò ṣí i mọ́.

"Mama, dis one don tire," ó ní. "Make una buy new one."

Màmá gbé rédíò rẹ̀ sábẹ́ apá. A ti ń gun òkè ilé bọ̀ kí ó tó fọhùn. "Ó ní ó ti rẹ̀ ẹ́," ó ní. "Ta ni kò rẹ̀?"

Bẹ́ẹ̀ ni ìyá arúgbó ṣe bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ iṣẹ́ rédíò nínú ilé ara rẹ̀. Kò ní ọ̀gá, kò ní ìwé. Ó ní súkúdíráfà kan, lẹ́ẹ̀dì díẹ̀, ìṣó kan, àti àwọn ìka tó ti fi ogójì ọdún tẹ ìwé fún ìjọba. Àwọn aládùúgbò gbọ́, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í kó òkú rédíò wá fún un, ó sì ń fi wọ́n kọ́ṣẹ́. Ó fi ìṣó gbígbóná dá ihò sí ibi tí ohùn ti ń jáde lára ọ̀kan. Ó fi orí bátìrì síbi ìdí nínú òmíràn, èéfín sọ, a sá jáde. Súkúrù kọ̀ọ̀kan ní ìdérí agolo mílíìkì tirẹ̀. Ó ń ya wáyà pupa, wáyà dúdú, wáyà aláwọ̀ ewé sínú ìwé kan, ó fa ìlà sábẹ́ wọn bí lẹ́tà ọ̀gá àgbà. Díẹ̀díẹ̀ ni imú ẹlẹ́dẹ̀ ń wọgbà. Kí oṣù kan tó pé, ọ̀kan nínú àwọn òkú náà fọhùn, ó sọ̀rọ̀ fún ìdajì wákàtí, ó tún kú.

Kò sí ìgbà tí yóò ṣí rédíò tí kò ní kọ́kọ́ kí i. Á gbé e kalẹ̀ lórí àpótí, á gbé ọwọ́ lé e, á ní, "Okun o," bí ẹni wọ yàrá aláìsàn. Mo máa ń fi í rẹ́rìn-ín. Kò sì gbà kí ẹnikẹ́ni gbá rédíò, bẹ́ẹ̀ gbogbo wa la mọ̀ pé bí rédíò bá ya alágídí, àtẹ́lẹwọ́ ni oògùn rẹ̀. Aládùúgbò kan ṣe é níwájú rẹ̀ lọ́jọ́ kan, Màmá gba rédíò náà lọ́wọ́ rẹ̀.

"Ohun tó bá ti rẹ̀, ẹ̀yin ẹ tún ń gbá a létí?" ó ní. "À á kí i ni. Lẹ́yìn náà, à á bèèrè pé kí ló ṣe é."

Ó bọ́ sí ọjọ́ kan tí rédíò Bàbá, tí Màmá ti tún ṣe, ti sọ̀rọ̀ fún odindi ọjọ́ méjì, tí inú Màmá dùn débi pé ó we gèlè lọ gba oògùn Bàbá ní ọsibítù. Ó fi mí ti Bàbá. Mo ti ń lé eṣinṣin láti àárọ̀, mo ti di ife mú sí i lẹ́nu, omi ti dà sí mi láyà. Mo fẹ́ ìyá mi. N kò fẹ́ òórùn yàrá yẹn mọ́. Rédíò já láàárín ọ̀rọ̀. Bàbá wò mí. Ó tún sọ̀rọ̀, ó tún já. Bàbá tún wò mí, bí ẹni pé èmi ni mo mú ọ̀rọ̀ náà pamọ́. Mo gbé ọwọ́ sókè, mo gbá rédíò yẹn gbàà.

Ó ṣubú kúrò lórí àpótí. Mo gbọ́ ohun kan tó dá nínú rẹ̀, kẹ́kẹ́, bí ẹ̀pà. Mo gbé e padà síbi tó wà, mo nu eruku ara rẹ̀. Ojú Bàbá kò kúrò lára mi. Nígbà tí Màmá wọlé, gèlè rẹ̀ ti wọ́, ó bi mí pé, "Kí ló ṣe é?"

"Ó kàn kú fúnra rẹ̀ ni," mo ní.

Oṣù méjì ni Màmá fi wá àrùn tí èmi mọ̀. Á kí rédíò, á ṣí i, á wo gbogbo ojú lẹ́ẹ̀dì, á jó wọn ní àjótúnjó, á pa á dé, rédíò kò ní sọ ju kùn-ùn lọ. Bí ó bá sì ti ṣí i, Bàbá á gbé ọwọ́ òsì rẹ̀ sókè, á gbá ẹní. Pàá. Pàá. Màmá á fi iṣẹ́ sílẹ̀. "Ṣé ìtọ̀ ni? Ṣé omi ni?" Bàbá á mi orí. Á wo rédíò, á wò mí, á tún gbá ẹní. Màmá á gbé abọ́ wá, á gbé abọ́ lọ.

"Bàbá, ẹ má bínú," á ní. "Ẹ ní sùúrù, mò ń ṣe é."

Nínú ilé yẹn, èmi nìkan ni mo gbọ́ ohun tí ọkùnrin yẹn ń sọ. Màá mú ìgbálẹ̀, màá lọ gbá àgbàlá tí mo ti gbá. Wọ́n ní bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òtítọ́ ń bá a. Irọ́ tèmi kò pẹ́ tó bẹ́ẹ̀, àmọ́ ó rẹ̀ mí ju omi pípọn lọ. Nígbà tó yá, Bàbá dẹ́kun ẹní gbígbá. Ó kọjú sí ògiri. Ó ń jẹ ṣíbí méjì, ó ń pa ẹnu dé. Màmá ní, "Ó ti ń fi wá sílẹ̀ lọ," ó sì ń wo rédíò bó ṣe ń sọ ọ́.

Bí ọ̀rọ̀ ṣe rí nìyẹn ní ọ̀sán tí ìṣó pọ́n nínú iná. Ìṣó yẹ̀ lọ́wọ́ Màmá, ó jó o ní àtàǹpàkò. Kò ké. Ó fi ìṣó sílẹ̀, ó fẹ́ atẹ́gùn sí ìka rẹ̀, ó wo inú rédíò fún ìgbà pípẹ́.

"N kò rí ibi tó ti ń dùn ọ́," ó ní. Rédíò ló ń bá sọ̀rọ̀. "Má bínú."

Ó bẹ̀rẹ̀ sí í kó súkúrù jáde nínú ìdérí agolo, ọ̀kọ̀ọ̀kan. Mo mọ̀ pé bí ó bá pa á dé báyìí, kò ní ṣí i mọ́.

"Èmi ni mo gbá a," mo ní. "Ó ṣubú. Ọjọ́ tí ẹ lọ sí ọsibítù."

Bàbá yí orí kúrò lára ògiri. Mo ti di etí mi, mo ń retí ìgbátí. Màmá wò mí láti orí dé ẹsẹ̀, ó wo ọwọ́ mi, ó gbé ọwọ́ tí iná jó lé mi léjìká.

"Okun o," ó ní.

Ohùn tó fi ń kí rédíò ni. Ẹkún tí mo sun lọ́jọ́ náà, mo sun ún títí mo fi ń sọ òsúkè. Màmá dúró dè mí. Nígbà tí mo ṣe tán, ó bèèrè pé, "Ẹ̀gbẹ́ wo ló fi lulẹ̀?"

Mo fi hàn án. Ó wọ jígí rẹ̀, ó yí ẹ̀gbẹ́ náà síta. Ọ̀pá dúdú kékeré kan tí rédíò fi ń gba ohùn wà níbẹ̀ tí wọ́n we wáyà tó tín-ín-rín bí irun mọ́. Ọ̀pá náà ti dá sí méjì lábẹ́ ohun tí wọ́n fi we é, irun wáyà kan sì ti já. Màmá kò wo ibẹ̀ rí, nítorí pé irú ọ̀pá bẹ́ẹ̀ kì í dá fúnra rẹ̀. Ó fi òwú ìránṣọ dì í, ó yọ́ àbẹ́là sí i, ó fi orí ìṣó kan irun náà lẹ́ẹ̀kan péré.

Ó kọ́kọ́ hó bí iyanrìn tó ń dà. Lẹ́yìn náà, ohùn ọkùnrin kan dé láti ọ̀nà jíjìn, ó ń sọ Ígálà. Bí a bá kọ ojú rédíò sí Òkè Pátì nìkan ló ń sọ̀rọ̀, bí a bá yí i, á dákẹ́. Bàbá gbé ọwọ́ òsì sókè. Mo rò pé yóò gbá ẹní. Ó rọra gbé e kalẹ̀, ìka rẹ̀ sì bẹ̀rẹ̀ sí í jó. Títí di àkókò òjò ló fi gbọ́ rédíò náà, nígbà tí odò ti kún dé ibi àtẹ àwọn ẹlẹ́ja Kpata. Rédíò ń sọ̀rọ̀ lọ́wọ́ nígbà tí Bàbá kú. Màmá jẹ́ kí ẹni tó ń sọ̀rọ̀ parí ọ̀rọ̀ rẹ̀ kí ó tó pa rédíò náà.

Ní Felele, nínú Lókójà kan náà, ni mò ń gbé báyìí, iṣẹ́ ìjọba ni mò ń ṣe. Bí mo bá ti ibi iṣẹ́ dé, tó ti rẹ̀ mí, mo máa ń jókòó sídìí tábìlì kan tí ìkétù, áyọ́ọ̀nù àti rédíò tó kú kún orí rẹ̀. Mo ní irin gidi tó ń yọ́ lẹ́ẹ̀dì, mo ní mítà. Mò ń wo fídíò lórí fóònù, mo sì wà nínú ẹgbẹ́ kan lórí wáásáàpù, àwa tí a kàn fẹ́ràn iṣẹ́ yìí, tí a ń bà á jẹ́ kí a tó mọ̀ ọ́n. Wọ́n mọ iṣẹ́ jù mí lọ. Ìkétù kan wà níbẹ̀ tí mo ti ń tún ṣe láti oṣù tó kọjá.

Àwọn èèyàn ń gbé nǹkan wá. Màá bèèrè pé kí ló ṣe é, gbogbo wọn pátá, láti orí ọ̀gá mi dé orí díákónì ìjọ wa, ọ̀rọ̀ kan náà ni wọ́n ń sọ: ó kàn kú fúnra rẹ̀ ni. N kì í bá wọn jiyàn. Màá gbé ọwọ́ lé nǹkan náà, màá ní, "Okun o." Wọ́n á rò pé àwọn ni mò ń kí, wọ́n á dáhùn, wọ́n á jókòó, wọ́n á mí kanlẹ̀. Lẹ́yìn ìṣẹ́jú díẹ̀, wọ́n á sọ pé, "Ká má parọ́, ó já bọ́ lọ́wọ́ mi." Ìgbà náà ni mo tó máa ń mú súkúdíráfà. Ìṣẹ́jú díẹ̀ péré ló ń gbà wọ́n. Oṣù méjì gbáko ló gba èmi, bẹ́ẹ̀ ọkùnrin kan wà lórí ẹní tó ń fi ọwọ́ kan ṣoṣo tó kù fún un sọ ọ́ fún mi lójoojúmọ́.