Wọtamẹ́lọ̀n Onígun Mẹ́rin

Ẹ jẹ́ kí n rọra sọ èyí, torí kò ṣeé sáré sọ fún mi.

Fídíò ló bẹ̀rẹ̀ rẹ̀. Ọmọ wa obìnrin, tó jẹ́ nọ́ọ̀sì, ti ibi iṣẹ́ dé ní ọ̀sán ọjọ́ kan, ó jókòó ti ìyá rẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ bẹ́ẹ̀dì tí a tẹ́ sí pálọ̀ wa ní Longsight, ní ìlú Manchester, ó sì na fóònù rẹ̀ sí i.

"Màmá, ẹ wo iṣẹ́ àwọn ará Japan."

Àgbẹ̀ kan ni mo rí nínú fóònù náà. Ó gbé wọtamẹ́lọ̀n tí kò ju ẹ̀ṣẹ́ ọmọdé lọ sínú àpótí kan tó mọ́ gaara, ìtàkùn rẹ̀ ṣì wà lára rẹ̀, ó sì dé e pa. Nígbà tí wọ́n máa fi ṣí i, èso náà ti di onígun mẹ́rin, gbogbo ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ tẹ́jú bíi ti búlọ́ọ̀kù. Ọmọ wa ní wọ́n ń ṣe òmíràn tó rí bí ọkàn, wọ́n sì ń ṣe èyí tó ní ojú àti imú.

Ìyàwó mi wò ó títí. Nígbà yẹn, àìsàn tó ń jẹ iṣan ọ̀fun rẹ̀ ti wà lára rẹ̀ fún bí ọdún kan. Ọ̀rọ̀ ń jáde lẹ́nu rẹ̀ ní ẹyọ kọ̀ọ̀kan, bí ẹni ń ṣa ẹ̀wà. Obìnrin kan ń wá láti ọsibítù láti wo bó ṣe ń gbé nǹkan mì, òun ló sì ní kí a máa da páúdà sí gbogbo ohun tó bá máa mu, kó lè ki. Tíì rẹ̀ wá ń fà. Ìyàwó mi á gbé ife sókè, á wò ó, á ní, "Ẹ tún ti se ilá fún mi," a ó sì bú sẹ́rìn-ín. Ṣùgbọ́n obìnrin náà ti pe èmi àti ọmọ wa sí ẹnu ọ̀nà, ó ní ọjọ́ kan ń bọ̀, kò sì ní pẹ́ mọ́, tí nǹkan kan kò ní lè gba ẹnu rẹ̀ kọjá. Páìpù ni wọ́n á fi sí ikùn rẹ̀, ibẹ̀ ni oúnjẹ á máa gbà wọlé.

A rò pé kò gbọ́.

"Bàbá wọn," ó ní, "ẹ gbin wọtamẹ́lọ̀n. Mo fẹ́ jẹ ẹ́ kí wọ́n tó ti ẹnu mi pa."

Mo ní kí n sáré lọ ra ọ̀kan ní ọjà, kò kúkú jìnnà. Ó mi orí. Ìyẹn kọ́ ló ń sọ. Nígbà tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ fẹ́ ara wa, oko ni mo ń dá ní Ìpínlẹ̀ Ògùn, òun sì jẹ́ tíṣà. Bí wọ́n bá ti jáde ní ilé ìwé, á yà sí oko, a ó sì fọ́ wọtamẹ́lọ̀n mọ́ òkúta nígbà tí oòrùn ṣì gbóná lára rẹ̀. A kì í lo ọ̀bẹ. Omi rẹ̀ á ṣàn dé ìgúnpá wa. Irú èyí tó gbóná yẹn ló fẹ́. Ó ní gbogbo èyí tí wọ́n ń tà níbí tutù bí òkú. Ọmọ wa ní kò burú, òun á lọ̀ ọ́, òun á da páúdà sí i, ìyá òun á sì lá a.

Mo ní ilẹ̀ kékeré kan, lára irú èyí tí káńsù ń yá ènìyàn, tí gbogbo wa ń pè ní allotment. Àgọ́ onírọ́bà kan wà níbẹ̀ tí mo fi ń gbin ata àti tẹ̀tẹ̀. Mo ri kóró mẹ́fà sínú rẹ̀. Mẹ́ta hù, ìgbín jẹ ọ̀kan. Oyin kì í fi bẹ́ẹ̀ wọ inú àgọ́, nítorí náà èmi fúnra mi ni mo ń já òdòdó akọ, tí mo ń fi í kan abo láràárọ̀. Lẹ́yìn gbogbo làálàá yìí, èso kan ṣoṣo ló dúró.

Ká ní mo fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀ ni.

Bàbá ará Jamaica kan ló ní ilẹ̀ tó kángun sí tèmi. Iṣẹ́ fèrèsé ló ṣe kó tó fẹ̀yìn tì. Mo fi fídíò yẹn hàn án lásán, láti fi pa á lẹ́rìn-ín. Ní ọjọ́ kejì ó gbé àpótí kan dé, rọ́bà líle tó mọ́ bíi dígí, ó ní kí a wò ó bóyá oòrùn Manchester lè ṣe ohun tí ti Japan ń ṣe. Mo gbé èso náà sínú rẹ̀. Mo sì lọ sọ ọ́ ní ṣọ́ọ̀ṣì.

Àṣìṣe mi nìyẹn. Láti ọjọ́ náà, mi ò lè wọlé kí ẹnikẹ́ni má yọ mí lẹ́nu.

"Bàbá Onígun, ẹ kú oko o!"

"Ṣé ó ti ní igun kan báyìí, àbí ó ṣì rí roboto bí orí Pásítọ̀?"

"Ẹ má dá wọn lóhùn, Dádì. Ọjọ́ ìkórè la ó mọ àgbẹ̀."

Ìkórè yẹn gan-an ló wọ̀ mí lórí. Lọ́dọọdún, gbogbo wa ń gbé àpò ìrẹsì àti bíìnsì inú agolo wá síwájú pẹpẹ, a ń jó, a ń dúpẹ́ fún ìkórè, bẹ́ẹ̀ ẹnì kankan nínú wa kò kórè nǹkan kan. Inú ṣọ́ọ̀bù la ti rà á. Lọ́tẹ̀ yìí, mo rò ó lọ́kàn mi, èmi ni màá gbé ohun tí ọwọ́ mi gbìn wá.

Èso náà dàgbà, ó kan ògiri àpótí. Ní òpin oṣù kẹjọ, ọmọ wa bá mi nínú ilé ìdáná.

"Dádì, mo ka nípa ẹ̀. Wọn kì í jẹ nǹkan yẹn o. Kó tó pọ́n ni wọ́n ti ń já a, torí bó bá ń pọ́n nínú àpótí, ó lè bẹ́. Wọ́n kàn ń gbé e síta fún ènìyàn wò ni. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ yọ ọ́ jáde kó pọ́n fún Màmá."

"Ọ̀sẹ̀ méjì ló kù sí ìkórè."

"Màmá ńkọ́?"

"Àkọ́so ni. A kì í jẹ àkọ́so kó tó dé iwájú Ọlọ́run. Bàbá mi kò jẹ ẹ́ rí."

Òótọ́ ni, bàbá mi kò jẹ ẹ́ rí. Ṣùgbọ́n mo mọ ohun tí mo fi ọ̀rọ̀ náà bò mọ́lẹ̀.

Ìyàwó mi sọ̀rọ̀ láti pálọ̀. Ó pẹ́ kó tó parí rẹ̀. "Ṣé Ọlọ́run ló ní kó ní igun?"

Mo rẹ́rìn-ín, mo ṣe bí ẹni pé àwàdà ni. Òun kò rẹ́rìn-ín.

Mo já a ní Sátidé tó ṣáájú ìkórè. Igun rẹ̀ mú, ìlà ara rẹ̀ gún régé. Ní ọjọ́ Sunday, mo gbé e lórí àwo funfun. Ṣọ́ọ̀ṣì dìde dúró. Pásítọ̀ gbé e sókè, gbogbo ènìyàn ń ya fọ́tò, èmi náà dúró tì í, mo na ọrùn. Wọ́n gbàdúrà sí i, Pásítọ̀ sì dá a padà fún mi, ó ní kí n gbé e lọ fún Màmá, kó jẹ ẹ́ pẹ̀lú ayọ̀. Fóònù mi ń gbọ̀n nínú àpò agbádá mi, mi ò yọ ọ́.

Nígbà tí mo dé ilé, kò sí ẹnikẹ́ni. Ògì tí ìyàwó mi mu láàárọ̀ ló gba ọ̀nà òdì, ó wọ ẹ̀dọ̀fóró rẹ̀. Áńbúláǹsì ti gbé e lọ. Mo gbé wọtamẹ́lọ̀n náà tọ̀ ọ́ lọ sí ọsibítù, mi ò mọ ibòmíràn tí mo lè gbé e sí. Wọ́n ti lẹ ìwé mọ́ òkè bẹ́ẹ̀dì rẹ̀ pé kí ẹnikẹ́ni má fi ohunkóhun sí i lẹ́nu mọ́. Nọ́ọ̀sì kan bá mi gbé èso náà sí ojú fèrèsé. Gbogbo ọjọ́ tó lò níbẹ̀, àwọn dókítà àti àwọn tó ń tọ́jú ilé ń yà wá wò ó. Wọ́n ń fi ìka kan igun rẹ̀. Wọ́n ní ó lẹ́wà.

Nígbà tó padà sílé pẹ̀lú páìpù ní ikùn, ó tọ́ka sí i, ó ní kí n là á. Mo fi ọ̀bẹ là á níwájú rẹ̀. Inú rẹ̀ funfun, àfi ibi àárín tó pọ́n díẹ̀ bí inú ìpéǹpéjú.

"Ẹ jẹ ẹ́."

Mo jẹ ẹ́.

"Ṣé ó dùn?"

Mo ti fẹ́ parọ́. Ó ń wo ẹnu mi. "Kò dùn. Bíi kùkúńbà ló rí."

Ẹ̀rín gbé e, ẹ̀rín náà sì di ikọ́, ọmọ wa sáré gbé ẹ̀rọ tó ń fa itọ́ wá. Nígbà tí ara rẹ̀ rọlẹ̀, mo ní kó dárí jì mí. Ó pa ojú dé.

"Fọ́tò yín dáa," ló sọ.

Lọ́dún yìí mo tún gbìn ín, mi ò gbé e sínú nǹkan kan. Ó rí roboto, ó pọ́n. Lọ́sàn-án ọjọ́ kan tí oòrùn mú, mo fọ́ ọ mọ́ òkúta, mo dá jẹ ẹ́ nínú àgọ́, ó gbóná, ó dùn débi pé mo ń sunkún. Mo fọ ọwọ́, mo fọ ẹnu lẹ́ẹ̀mejì, mo wọ bọ́ọ̀sì lọ sílé.

Ó béèrè ohun tí mo ká. Ọ̀rọ̀ rẹ̀ kò fi bẹ́ẹ̀ yéni mọ́, ṣùgbọ́n ó yé mi. Mo ní tẹ̀tẹ̀ ni.

Ó na ọwọ́ rẹ̀ kan ṣoṣo tí àìsàn náà kò tíì mú, ó yọ kóró dúdú kan kúrò ní irùngbọ̀n mi. Nígbà tí ọmọ wa gbé omi wá láti wẹ̀ ẹ́, ó di ọwọ́ náà pa, kò sì gbà kí a ṣí i.