Ọ̀dà Tuntun Lára Ẹ̀rọ Ìlagi

Kí ló dé tí onígbàgbọ́ tó fi Bíbélì búra wẹ́rẹ́ kò fi lè fẹnu kan irin lásán? N kò tíì rí ìdáhùn.

Fáṣuyì, káfíńtà Igbein, fẹ́ ra ẹ̀rọ ìlagi tòkunbọ̀ ní Láfẹ́nwá. Ìka méjì ni èyí tó ní tẹ́lẹ̀ gé lọ́wọ́ rẹ̀, nígbà tí férémù tí àwọn jórinjórin ti jó pọ̀ tún ya, tí ayùn fò jáde. Nítorí náà, bí Pamílẹ́rìn tó ń tà á ṣe ń yin agbára ẹ́ńjìnnì àti fífẹ̀ tábìlì rẹ̀, etí ikún ni Fáṣuyì kọ sí i. Ó fọwọ́ yí wíìlì méjèèjì, wọn kò gbọ̀n. Ọ̀dà tuntun tó wà lẹ́yìn férémù ló ń kọ ọ́ lóminú.

"Wọn ò jó èyí rí?"

"Rárá o! Mo fi Bíbélì búra."

"Tiyín nìyẹn. Ológùn-ún lèmi. Ẹ fẹnu kan irin yìí."

"Bàbá, ẹ̀rọ lẹ wá rà, àbí ẹ fẹ́ sọ mí di abọ̀rìṣà?"

"Ẹni tí kò jẹ gbì, kò ní kú gbì."

Pamílẹ́rìn kọ̀ jálẹ̀. Kò tún jẹ́ kí ó fi ọ̀bẹ ha ọ̀dà náà wò.

Ilé mi ní Ìbarà ni Fáṣuyì gbà lọ tààrà, torí ó mọ̀ pé àga kan náà ni èmi àti Pamílẹ́rìn ń jókòó sí ní ṣọ́ọ̀ṣì.

"Tíṣà, kò ní lè wojú yín kó purọ́. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi bi í: kí ló wà lábẹ́ ọ̀dà yẹn?"