Ohun Tí Mo Gé Kúrò Lẹ́yìn Mẹ́fà

Bí ẹnikẹ́ni bá fẹ́ rí ìbínú mi, kó sọ fún mi pé ẹ̀rọ kì í purọ́. Àwọn ọmọ mi mọ̀, wọn kì í sọ ọ́ létí mi. Wọ́n rò pé ogbó ló ń ṣe mí, pé mi ò fẹ́ràn nǹkan ìgbàlódé. Wọn ò mọ̀ pé èmi gan-an ti fi ẹnu ara mi sọ ọ́ rí, fún ìyá ọlọ́mọ kan ní Arámọkọ, lójú èrò, pẹ̀lú ẹ̀rín ẹ̀gàn lẹ́nu. Ọmọ tó pọ̀n wá lọ́jọ́ náà kò sí láyé mọ́. Ó ti pẹ́ tí mo ti ń gbé ọ̀rọ̀ yìí kiri nínú mi, mi ò sì tíì sọ ọ́ fún ẹnì kan.

Abẹ́ Ìpínlẹ̀ Oǹdó la ṣì wà nígbà náà. Àkúrẹ́ ni àṣẹ ti ń wá, Àkúrẹ́ náà ni ìwé ń lọ. Ọmọ Ìjerò ni mí, iṣẹ́ títẹ ìwé ni mo ń ṣe ní ilé ìwòsàn aboyún àti ọmọ wẹ́wẹ́ kan ní Arámọkọ. Nígbà tó yá, wọ́n gbé kọ̀ǹpútà kan wá fún wa láti Àkúrẹ́, wọ́n sì ní kí n lọ kọ́ bí wọ́n ṣe ń lò ó fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Ìgbà tí mo padà dé, orúkọ mi ti yí. Gbogbo ilé ìwòsàn, títí kan ẹni tó ń gbálẹ̀, ló ń pè mí ní Àǹtí Kọ̀ǹpútà. Kí n má parọ́, ó dùn mọ́ mi. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í rìn lọ́tọ̀.

Iṣẹ́ tó pọ̀ jù tí mo ń fi ẹ̀rọ náà ṣe ni ìwọ̀n ọmọ. Ní Ọjọ́bọ̀ àkọ́kọ́ inú oṣù, àwọn ìyá máa ń pọ̀n ọmọ wá láti Erìjìyàn, láti Ìkọ̀gòsì, láti inú àwọn abà kòkó tó wà láàárín wọn. Obìnrin kan tó ń bá àwọn nọ́ọ̀sì ṣiṣẹ́ á gbé ọmọ kọ́ òṣùwọ̀n, á ké kílò rẹ̀ sókè ní Gẹ̀ẹ́sì, èmi á sì tẹ̀ ẹ́. Ojú ẹ̀rọ náà pín sí àpótí kéékèèké bí ìwé ìṣirò àwọn ọmọ iléèwé: orúkọ ọmọ lápá òsì, oṣù lókè, kílò nínú àpótí. Tẹ́lẹ̀, káàdì ni wọ́n ń kọ ìwọ̀n sí, tí ìyá á mú lọ sílé. Ṣùgbọ́n lọ́dún yẹn káàdì tán, Àkúrẹ́ sì ní kí á máa retí. Bébà tí mo bá tẹ̀ jáde nìkan ló kù. Òun ni nọ́ọ̀sì tó ń gun alùpùpù lọ sí abà máa ń mú dání. Ọmọ tí nọ́ńbà rẹ̀ bá ń wálẹ̀ ni yóò lọ wò nílé. Ọmọ tí nọ́ńbà rẹ̀ bá dúró, ó lè ní sùúrù fún un.

Wàhálà wa bẹ̀rẹ̀ láti orí bí bébà náà ṣe rí. Mo tẹ ọjọ́ kẹta oṣù kọkànlá, ẹ̀rọ kọ ọjọ́ kọkànlá oṣù kẹta, nítorí báyẹn làwọn tó ṣe é ṣe ń kà á nílùú tiwọn. Mátírọ̀n wa, obìnrin gíga kan tó le bí ojú ẹja, wo bébà títí, ó wá bi mí bóyá ní Ìjerò níbi tí mo ti wá, wọ́n máa ń wọn ọmọ kí wọ́n tó bí i. Gbogbo ilé rẹ́rìn-ín. Ẹ̀ẹ̀kejì, nọ́ńbà gùn ju àpótí lọ, ẹ̀rọ sì da àmì tó dà bí ìràwọ̀ kún ibẹ̀ dípò nọ́ńbà. Mátírọ̀n ní òun kò rán àwọn ọmọ lọ sójú ọ̀run o, kí n dá wọn padà. Mo fẹ àpótí kí ìràwọ̀ lè lọ, bébà wá fẹ̀ ju ohun tí Àkúrẹ́ fẹ́ lọ. Wọ́n ní ojú ìwé kan ni àwọn fẹ́, kì í ṣe mẹ́ta tí a fi góòmù lẹ̀ pọ̀. Wọ́n dá ìwé padà. Mátírọ̀n kò bá mi sọ̀rọ̀ fún ọjọ́ méjì.

Inú bí mi. Mo ní mo máa ṣe é débi tí ẹnikẹ́ni kò ní rí nǹkan wí mọ́. Mo jókòó, mo kọ màkírò. Bí màkírò ṣe rí ni pé ènìyàn á kọ gbogbo àṣẹ tó fẹ́ pa fún ẹ̀rọ sílẹ̀ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, ní ìlà-ìlà, á fún un ní lẹ́tà kan. Ọjọ́ tó bá ti tẹ lẹ́tà yẹn, ẹ̀rọ á máa ṣe é lọ fúnra rẹ̀. Ìlà mẹ́rin ni tèmi. Èkíní ní kí ọjọ́ fara hàn ní orúkọ oṣù nìkan. Èkejì ní kí gbogbo àpótí fún. Ẹ̀kẹta ní kí nọ́ńbà má ṣe fi ohunkóhun hàn lẹ́yìn pọ́ìntì. Ẹ̀kẹrin ní kí ó tẹ̀ ẹ́ jáde. Mo tẹ lẹ́tà mi, ìwé jáde lójú kan ṣoṣo, ó mọ́ kedere. Mátírọ̀n gbé e sókè, ó ní, "Ọmọ yìí, o gbọ́n." Inú mi dùn débi pé mi ò lè jẹun ọ̀sán.

Màkírò mi kò pa nọ́ńbà rẹ́ o. Nọ́ńbà wà níbẹ̀ bí mo ṣe tẹ̀ ẹ́, ìrísí rẹ̀ nìkan ni mo yí. Bí mo bá gbé atọ́ka, àmì tó ń rìn lójú ẹ̀rọ, lé àpótí kan, gbogbo nọ́ńbà náà á jáde lókè pátápátá ojú ẹ̀rọ, pẹ̀lú pọ́ìntì rẹ̀ àti ohun tó tẹ̀ lé e. Ṣùgbọ́n ohun tí àpótí ń fi hàn, tí bébà sì ń gbé jáde, ni odidi nọ́ńbà tó sún mọ́ ọn jù. Mẹ́fà pọ́ìntì mẹ́rin á di mẹ́fà. Márùn-ún pọ́ìntì mẹ́fà náà á di mẹ́fà. Wọ́n kọ́ mi ní Àkúrẹ́. Mo mọ̀ ọ́n. Ibi tó ń dùn mí jù nìyẹn, nítorí ká ní mi ò mọ̀ ni, ǹ bá rí nǹkan fi gbèjà ara mi.

Ìyá tí mo ń sọ yìí wá láti abà kan lẹ́yìn Erìjìyàn. Òun àti ọkọ rẹ̀ ń ṣọ́ oko kòkó níbẹ̀. Obìnrin jẹ́jẹ́ ni, ó dàgbà jù mí lọ bí ọdún mẹ́fà tàbí méje. Ọmọ rẹ̀ obìnrin kò tíì pé oṣù mẹ́jọ nígbà tó kọ́kọ́ gbé e wá, ìyẹn ìgbà tí òjò ń kásẹ̀ nílẹ̀. Ó tún gbé e wá lóṣù tó tẹ̀ lé e àti lóṣù tó tẹ̀ lé ìyẹn, kò pa ọ̀kan jẹ. Èmi ni mo ń tẹ nọ́ńbà rẹ̀ lóṣooṣù. Ìyá tó ju ọgọ́rùn-ún lọ máa ń wà níta, ọmọ ń ké, jẹnẹrétọ̀ ń hó. Bí wọ́n ṣe ń pè é ni mo ń tẹ̀ ẹ́, kò sí èyí tó ń dúró lórí mi. Bébà jáde, ó kọ mẹ́fà, mẹ́fà, mẹ́fà. Nọ́ọ̀sì alálùpùpù ka bébà, ó gba Ìpotì lọ, kò yà sí abà ìyá yìí.

Nígbà kẹrin tó wá, ọyẹ́ ti gba ìlú kan. Wọ́n gbé ọmọ náà kọ́ òṣùwọ̀n, wọ́n pe nọ́ńbà, mo tẹ̀ ẹ́. Ìyá náà kò lọ. Ó rọra wá dúró sẹ́gbẹ̀ẹ́ tábìlì mi. Ọmọ Èkìtì ni wá méjèèjì, ní ulé wa a kì í fi bẹ́ẹ̀ fi "ẹ" pọ́n ara wa lé, pàápàá fún ẹni tó kéré síni. Ṣùgbọ́n "ẹ" ló ń fi bá mi sọ̀rọ̀, nítorí ohun tó wà níwájú mi. Ó ní, "Àǹtí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi wò ó dáadáa. Ọmọ yìí ń fúyẹ́ lẹ́yìn mi." Ó wá ṣàlàyé fún mi pé ẹsẹ̀ ni òun máa ń fi rìn láti abà dé Erìjìyàn kí òun tó rí ọkọ̀. Nígbà àkọ́kọ́, ẹ̀ẹ̀mejì ni òun dúró sinmi lọ́nà, torí ọmọ náà wúwo. Nígbà kẹta, òun sinmi lẹ́ẹ̀kan. Lówùúrọ̀ ọjọ́ náà, òun kò sinmi rárá títí òun fi dé títì.

Ẹ gbọ́ ohun tí mo fi dá a lóhùn. Mo yí ojú ẹ̀rọ sí i, obìnrin tí kò mọ̀wé, mo fi pẹ́ńsù tọ́ka sí àpótí rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan. Mo ní, "Ìyá, ẹ̀rọ kì í purọ́. Mẹ́fà, mẹ́fà, mẹ́fà, mẹ́fà. Àbí ẹ̀yìn yín ti di òṣùwọ̀n ni?"

Àwọn ìyá tó tò sílẹ̀ bú sẹ́rìn-ín. Ojú tì í, òun náà rẹ́rìn-ín díẹ̀, ó ní kí n má bínú. Ó tún ọmọ rẹ̀ pọ̀n, ó sì lọ. Atọ́ka mi ò ju àpótí kan lọ sí ibi tí mo fi pẹ́ńsù tọ́ka sí. Kọ́kọ́rọ́ kan ṣoṣo ni ǹ bá tẹ̀ kí nọ́ńbà gidi lè jáde lókè. Mi ò tẹ̀ ẹ́, torí ìyá mìíràn ti dé, mo sì fẹ́ kí n parí iṣẹ́ kí n tètè lọ.

Ìyá náà kò dúró de Ọjọ́bọ̀ àkọ́kọ́ inú oṣù tó tẹ̀ lé e. Ọ̀sẹ̀ méjì lẹ́yìn náà, láàárọ̀, mo rí i tó ń wọlé. Kò pọn ọmọ, àyà ló gbé e mọ́. Ìgbẹ́ ọ̀rìn ti mú ọmọ náà fún ọjọ́ mẹ́ta, kò sì sí nǹkan kan lára rẹ̀ tó lè fi bá a jà. Wọ́n gbà á wọlé, wọ́n wá iṣan tí wọ́n máa fi omi sí, wọn kò tètè rí i. Ọmọ náà kú lọ́jọ́ kejì, lẹ́yìn oúnjẹ ọ̀sán. Mo gbọ́ igbe ìyá rẹ̀ láti ibi tí mo jókòó sí. Nọ́ọ̀sì alálùpùpù wọ yàrá mi pẹ̀lú bébà lọ́wọ́, ojú rẹ̀ pọ́n. Ó ní òun ò mọ ohun tó ṣẹlẹ̀, pé nọ́ńbà ọmọ yìí dúró déédéé. Mo ní bẹ́ẹ̀ ni.

Nígbà tó jáde, mo gbé atọ́ka lé àpótí àkọ́kọ́. Ó kọ mẹ́fà pọ́ìntì mẹ́rin. Mo tẹ kọ́kọ́rọ́. Mẹ́fà pọ́ìntì méjì. Mo tún tẹ̀ ẹ́. Márùn-ún pọ́ìntì mẹ́sàn-án. Mo tún tẹ̀ ẹ́. Márùn-ún pọ́ìntì mẹ́fà. Ọwọ́ mi yìí ló tẹ gbogbo wọn síbẹ̀. Mo dìde, mo ti ilẹ̀kùn.

Mo tún ìlà kẹta màkírò náà kọ lọ́sàn-án ọjọ́ yẹn, kí nọ́ńbà kan máa fara hàn lẹ́yìn pọ́ìntì. Mo dín orúkọ àwọn ọmọ kù sí lẹ́tà díẹ̀ kí ààyè lè wà, ó sì tún wọ ojú ìwé kan. Ìyẹn ni pé ó ṣeé ṣe látìbẹ̀rẹ̀. Bébà tuntun jáde, ọmọ mẹ́rin mìíràn ló wà níbẹ̀ tí ara wọn ń jò lọ tí a kò mọ̀. Nọ́ọ̀sì bọ́ sórí alùpùpù lọ́jọ́ kejì, ó sì bá gbogbo wọn láàyè. Mátírọ̀n pe ìpàdé, ó ní kí wọ́n pàtẹ́wọ́ fún mi, ó bi mí bí mo ṣe ro irú èrò rere bẹ́ẹ̀. Mo ní mo kàn rò pé yóò dára bẹ́ẹ̀ ni. Wọ́n pàtẹ́wọ́. Mo dúró síbẹ̀, mo gbà á.

Bí ọ̀sẹ̀ mẹ́fà sígbà yẹn ni ìyá náà wá dá aṣọ ìbora ilé ìwòsàn padà, èyí tí wọ́n fi wé ọmọ rẹ̀ fún un gbé lọ sílé. Ó ti fọ̀ ọ́, ó ká a dáadáa. Lẹ́yìn tí wọ́n gbà á lọ́wọ́ rẹ̀, ó wá sẹ́nu ọ̀nà yàrá mi, ó kúnlẹ̀. Mo ní kí ó dìde, kò dìde. Mo rò pé ó ti mọ̀. Mo tiẹ̀ fẹ́ kí ó ti mọ̀, kí ó bú mi, kí ó ya aṣọ mọ́ mi lọ́rùn.

Ó ní, "Àǹtí, àforíjì ni mo wá tọrọ. Mo bá yín jiyàn lójú èrò lọ́jọ́sí. Ẹ̀yìn mi ló tàn mí, ẹ̀rọ yín ti sọ pé ọmọ náà dúró dáadáa, àìsàn ọ̀sán kan òru kan ló pa á." Ó gbé ọwọ́ lé ikùn rẹ̀. "Òmíràn ti wà níbí. Tí mo bá bí i, mi ò ní tẹ̀ lé ẹ̀yìn mi mọ́. Ohun tí ẹ bá ti wí ni màá gbà."

Ẹnu mi là, gbogbo rẹ̀ ti dé orí ahọ́n mi. Mátírọ̀n wà ní yàrá kejì, ilẹ̀kùn rẹ̀ ṣí sílẹ̀. Mo wo ilẹ̀kùn náà, mo wo obìnrin tó kúnlẹ̀, mo sì sọ fún un pé kò sí wàhálà, mo ti dárí jì í.