Ọjọ́ Tí Dépútè Padà Sílé

Láti ọjọ́ tí wọ́n ti dìbò yan ọkọ mi ní dépútè sílé aṣòfin ní Àjàṣẹ́, ilé wa ní Sakété kò tòrò mọ́. Bó bá ti wálé, àwọn àgbẹ̀ láti ọ̀nà Pobẹ̀ á kún ojúde: ẹni tó ń bẹ̀bẹ̀ fún kànga, ẹni tó ń bẹ̀bẹ̀ fún títì. Kò sí ìgbà tó lè jẹun tán láìdìde lọ dá wọn lóhùn.

Nígbà tí rédíò sọ pé àwọn ṣọ́jà ti gbàjọba, wọ́n sì ti tú ilé aṣòfin ká, àyà mi já. Ọjọ́ mẹ́ta ni n kò fi gbúròó ọkọ mi. Lọ́jọ́ kẹrin, ó sọ̀kalẹ̀ nínú ọkọ̀ akẹ́rù àwọn oníṣòwò gààrí.

"Bàbá wa, ṣé wọn ò lù yín?"

"Wọn ò fọwọ́ kàn wá. Wọ́n ní ká máa lọ sílé ni." Ó wo ojúde. "Àwọn àlejò mi dà?"

"Ẹnì kankan ò wá."

Mo rò pé á dùn ún. Ẹ̀rín ló bú sí. Ó bọ́ bàtà, ó jókòó ti ẹ̀bà tí mo gbé kalẹ̀, ó sì jẹ ẹ́ tán láìdìde. Nígbà tí àwọn aládùúgbò wọlé wá bá wa kẹ́dùn, ẹ̀rín ni wọ́n bá lẹ́nu èmi náà.