Kẹ̀kẹ́ Tí Mo Gùn Lọ Tọrọ Ìyàwó ní Ẹ̀pẹ́

Ilẹ̀ ò tíì mọ́ tí mo fi ti kẹ̀kẹ́ jáde nínú yàrá tí mo háyà ní Ìgbògbò. Ẹ̀yin ará ilé wa ní Ìwó, ọ̀rọ̀ Ṣadé, ọmọbìnrin tí mo fẹ́ fi ṣaya, ló fà á. Bàbá rẹ̀ tó ń gbé ní Ẹ̀pẹ́ ní kí n wá fojú han òun lọ́jọ́ Sátidé kó tó di aago mọ́kànlá, àti pé ọ̀nà ẹsẹ̀ tuntun ni kí n gbà, torí òun wà lára àwọn tó ń tún un ṣe. Ọkùnrin méjì ló ti lé padà ṣáájú mi. Bí n bá ṣe àṣìṣe pẹ́nrẹ́n, ó parí nìyẹn.

Ní ibùdókọ̀ Benson, awakọ̀ gba owó èèyàn méjì lọ́wọ́ mi dé Agbowa, níbi tí ọ̀nà ẹsẹ̀ náà ti bẹ̀rẹ̀, ẹgbẹ̀rún méjì náírà lórí ẹnì kọ̀ọ̀kan. Ó ní kẹ̀kẹ́ gba ààyè jù mí lọ. Nílé wa, orí mọ́tò ni wọn ì bá dì í sí lọ́fẹ̀ẹ́.

Ojú irin ni ọ̀nà náà tẹ́lẹ̀, tí àwọn oníṣẹ́ pákó fi ń ti gẹdú lọ sétí ọ̀sà. Wọ́n ti hú irin rẹ̀, wọ́n da erùpẹ̀ pupa sí i, wọ́n sì tẹ̀ ẹ́ tó fi le dáadáa. Ọ̀sà wà lọ́wọ́ ọ̀tún, atẹ́gùn ń fẹ́. Ọ̀nà náà yá, àwọn ará ibẹ̀ ni kò jẹ́ kó yá. Gbogbo wọn ló jókòó síwájú ilé, wọ́n kọjú sọ́nà. Ọmọ Ìwó sì ni mí, n kò lè wà lórí kẹ̀kẹ́ kí n máa kí àgbà. Mo bá ń sọ̀ kalẹ̀, mò ń dọ̀bálẹ̀, mò ń gun kẹ̀kẹ́ padà, ilé mìíràn á tún yọ. Wọ́n á bi mí ní ọmọ ta ni mí, ṣé ìyá mi wà láyé. Bàbá kan rí i pé n kò ru nǹkan kan, ó ní ṣé mọ́tò mi ló bàjẹ́. Mo ní mo kàn ń gbafẹ́ ni. Ó kí mi pẹ̀lẹ́, ó sì fún mi ní àgbàdo sísun.

Nígbà tí aago mẹ́wàá kọjá, mo ń tẹ kẹ̀kẹ́ kíkankíkan. Ní abúlé apẹja kan, ìyá Ìlàjẹ kan tó ń yan ẹja kí mi káàbọ̀. Ọwọ́ ọ̀tún mi wà lórí bíréèkì. Ọwọ́ òsì ni mo nà sí i, mo sì sáré kọjá.

Mo dé Ẹ̀pẹ́ ní aago mọ́kànlá kọjá ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún. Bàbá Ṣadé kò tilẹ̀ dárúkọ aago. Wọ́n gbé ìkọ́kọrẹ́ síwájú mi, ìyẹn ewùrà rínrin tí wọ́n sè pọ̀ mọ́ ẹja. Nílé wa, ọ̀jọ̀jọ̀ la máa ń fi ewùrà dín. Bí mo ṣe fẹ́ bu òkèlè àkọ́kọ́, Bàbá fa àwo náà sẹ́yìn.

“Èèyàn mẹ́sàn-án ló ti pè mí,” ló wí. “Àwọn mẹ́jọ ní o dọ̀bálẹ̀ dáadáa. Ìyá ẹlẹ́ja ní o fi ọwọ́ òsì kí òun lórí kẹ̀kẹ́. Padà lọ bá a. Ohun tó bá sọ ni màá gbọ́.”

Ó dé àwo náà. Ṣadé ń wò mí láti ẹnu ilẹ̀kùn. Ebi ń pa mí, ojú sì tì mí títí mo fi padà dé abúlé náà. Mo dọ̀bálẹ̀ sínú eérú lẹ́gbẹ̀ẹ́ ààrò. Ìyá ní kí n dìde.

“Ọwọ́ òsì kọ́ ló dùn mí,” ló wí. “Nígbà tí irin wà, àwọn tó ń ti gẹdú máa ń dúró mu omi lọ́dọ̀ mi. Irin lọ, ẹnikẹ́ni kò gba ibí mọ́. Wọ́n wá tún ọ̀nà ṣe, mo ní èèyàn ti dé. Ìwọ ni mo kọ́kọ́ kí, o sì sá lọ.”

Mo jókòó tì í, mo jẹ ẹja rẹ̀, mo bá a yí èyí tó kù lórí ààrò títí oòrùn fi rọlẹ̀. Òun fúnra rẹ̀ ló pe Bàbá Ṣadé. Kò sọ ju pé, “Ó ti jókòó,” ó sì pa fóònù.

Orúnkún ń ro mí nígbà tí mo dé Ìgbògbò. Ohun tí ìrìn yẹn kọ́ mi ni pé ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà ni àna ti ń bẹ̀rẹ̀. Bí mo ṣe ń ti kẹ̀kẹ́ wọlé ni Ṣadé pè. Bàbá ti gbà, kí n mú ẹbí mi wá. Ṣùgbọ́n ọ̀nà yẹn ni kí gbogbo wa gbà, ẹsẹ̀ ni ká fi rìn ín, ká sì kí ìyá ẹlẹ́ja ká tó kí òun.

Nítorí náà, ẹ̀yin ará ilé, tó bá jẹ́ Sátidé ni ìtọrọ, Ọjọ́bọ̀ ni ká gbéra.