Bí Mo Ṣe Fi Omi Pa Kákítọ́ọ̀sì Màmá Onílé

Mo rántí ìgbà tí mo gbà pé kò sí ohun ọ̀gbìn kan láyé yìí tó lè kú mọ́ mi lọ́wọ́. Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ gba dìgírì nínú ìmọ̀ iṣẹ́ àgbẹ̀ ni, mo sì lẹ ìwé ẹ̀rí náà mọ́ ògiri bọ́ìsì kọ́tà tí mo háyà ní Bódìjà, níbi tí àlejò yóò ti kọ́kọ́ rí i kó tó rí èmi fúnra mi. Iṣẹ́ ò sí, ṣùgbọ́n ìgbéraga pọ̀ lọ́wọ́ mi.

Màmá onílé, ọ̀gá iléèwé tó ti fẹ̀yìn tì, ló ń gbé ilé ńlá iwájú. Ọkọ wọn ti kú ní bí ọdún méjì ṣáájú. Ìkìlọ̀ tí wọ́n ń fún gbogbo ayálégbé ni pé kí a má fọwọ́ kan kákítọ́ọ̀sì tó wà ní fàráńdà, nítorí pé bàbá ló gbìn ín. Ó jọ orọ́ tí wọ́n fi ń ṣe ọgbà lóko, ẹ̀gún bò ó látòkè délẹ̀, inú ìkòkò amọ̀ kan tó ti sán létí ló sì wà.

Nígbà tí ọmọ Màmá bímọ sí Kánádà, wọ́n fẹ́ lọ wẹ ọmọ fún oṣù mẹ́ta. Wọ́n pè mí.

"Ìwọ lo kàwé àgbẹ̀. Ẹ̀ẹ̀kan lóṣù ni kó o ta omi díẹ̀ sí i. Ṣé o gbọ́?"

"Ẹ fọkàn balẹ̀, Mà. Iṣẹ́ mi ni."

"Mi ò ní kó o ṣiṣẹ́. Mo ní kó o fi í sílẹ̀."

Ẹ̀ẹ̀kan lóṣù kẹ̀? Mo fi Màmá rẹ́rìn-ín nínú mi. Nínú ooru tó mú yẹn, tí èmi gan-an ń mu omi bí ẹṣin, kí nǹkan ẹlẹ́mìí wá máa pòǹgbẹ? Láràárọ̀ ni mò ń gbé ike omi lọ síbẹ̀. Mo tún da ìgbẹ́ adìyẹ sí i nídìí, kó lè mọ̀ pé ọ̀mọ̀wé ló wà lọ́dọ̀ òun. Ọ̀sẹ̀ kẹta ò tíì pé tó fi fẹ̀gbẹ́ ti ògiri bí ọ̀mùtí. Mo fọwọ́ kan ìdí rẹ̀, ìka mi wọlé lọ. Ó ti jẹrà. Kì í ṣe pé wọ́n lè lé mi nílé nìkan ló dùn mí. Ohun tí olóògbé fọwọ́ ara rẹ̀ gbìn ni mo bà jẹ́ fún opó rẹ̀ yẹn, ojú sì tì mí gidigidi.

Mo sáré lọ bá obìnrin kan tó ń ta òdòdó lẹ́bàá títì ní Ring Road. Kò jẹ́ kí n sọ̀rọ̀ tán tó fi bú sẹ́rìn-ín.

"Omi lẹ fi pa á, àbí? Ẹ̀yin ará Bódìjà yìí! Ìyá kan ti bá irú ẹ̀ wá rí, níbí ló dúró sí tó ń sunkún."

Ó ní kí n gé ibi tó ṣì le lókè sí wẹ́wẹ́, kí n tẹ́ ẹ sí ibòji bí ọ̀sẹ̀ méjì títí ojú ọgbẹ́ rẹ̀ yóò fi gbẹ, kí n tó gbìn ín sínú iyanrìn gbígbẹ.

Ṣùgbọ́n ta ni yóò máa gba ẹ̀kọ́ lẹ́bàá títì nígbà tí ìwé ẹ̀rí wà lára ògiri? Igi ẹ̀gẹ́ ni mo mọ̀. Bàbá mi á gé e láàárọ̀, á rì í mọ́lẹ̀ lọ́jọ́ náà, òjò á rọ̀ sí i, ó parí. Bẹ́ẹ̀ ni mo ṣe ti ilẹ̀kùn yàrá mọ́rí kí àwọn ayálégbé yòókù má baà rí mi, tí mo gé kákítọ́ọ̀sì sí mẹ́fà. Ẹ̀gún gún mi, ọ̀kan yí lọ sẹ́yìn fìríìjì mi tó ti bàjẹ́, mo ṣépè fún un, mo sì gbàgbé rẹ̀ síbẹ̀. Mo ri márùn-ún yòókù mọ́ ilẹ̀ ọlọ́ràá lójú ẹsẹ̀, mo bomi rin wọ́n, mo tilẹ̀ gbàdúrà sí wọn. Àṣejù, baba àṣetẹ́. Kó tó di ọjọ́ mẹ́wàá, márààrún ti rọ̀ bí ilá àsèjù. Nígbà tí oṣù kẹta ń parí lọ, mo padà sí Ring Road, mo ra òmíràn tó ga bákan náà, mo sì gbìn ín sínú ìkòkò amọ̀ ọjọ́sí.

Wọ́n ní bí irọ́ bá lọ lógún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òtítọ́ yóò bá a. Tèmi ò lò tó ogún ìṣẹ́jú. Màmá ti Kánádà dé, wọn ò tíì bọ́ bàtà tí wọ́n fi dúró níwájú ìkòkò náà. Wọ́n wò ó, wọ́n wò mí.

"Ring Road lo ti rà á?"

Mo dọ̀bálẹ̀ gbalaja, mo jẹ́wọ́ gbogbo rẹ̀. Màmá jókòó, wọ́n rẹ́rìn-ín títí omi fi ń bọ́ lójú wọn. Nígbà tó yá, mi ò mọ̀ bóyá ẹ̀rín ló ṣì ń fa omi náà.

"Dìde, àgbẹ̀ oníwèé. Èyí tó o pa yẹn, Ring Road lèmi náà ti rà á. Ti bàbá gan-an ò pé oṣù méjì lẹ́yìn ìsìnkú tó fi kú. Àràárọ̀ ni mò ń bomi rin ín. Mi ò rí ẹlòmíì tí mo lè máa tọ́jú mọ́."

Lọ́sẹ̀ yẹn náà ni mo gbé fìríìjì kúrò nílẹ̀, tí mo rí ẹ̀kẹfà. Ó ti hun jọ, ojú ọgbẹ́ rẹ̀ ti gbẹ, gbòǹgbò funfun tín-ín-rín sì ti yọ nídìí rẹ̀ lórí sìmẹ́ǹtì lásán. Mo gbé e lọ fún Màmá. Wọ́n ní kí n gbìn ín, kí n sì pa ẹnu mi mọ́. "Bí àwọn ọmọ mi bá bi ọ́, bàbá ló gbìn ín."

Màmá ti lọ bá bàbá báyìí. Títí wọ́n fi lọ, mi ò sọ fún ọmọ wọn kankan. Nílé mi ní Challenge, èyí tí mo gé lára ẹ̀kẹfà yẹn wà lójú fèrèsé, ó ti bí ọmọ mẹ́ta. Àwọn àlejò á yìn mí, wọ́n á bi mí níbi tí mo ti kọ́ ìtọ́jú rẹ̀. Ìwé ẹ̀rí mi ṣì wà nínú ilé o. Ẹ̀yìn fìríìjì ni mo lẹ̀ ẹ́ mọ́.