Ámpù Tí Raphael Rà fún Ẹnì Kan Ṣoṣo

Raphael ga tó òpó iná, ojú sì máa ń tì í ju ìyàwó ọ̀ṣìngín lọ. Bí ọkùnrin ẹni ọdún mẹ́rìnlélọ́gbọ̀n yìí bá fẹ́ béèrè omi mímu, àfi kó kọ́kọ́ wúkọ́ lẹ́ẹ̀mẹta. Ọkọ̀ ojú omi ló ń kàn ní etí ọ̀sà Bàrígà, láàárín àwọn ará Ìlàjẹ tó kọ́lé pákó sórí omi. Lọ́jọ́ Ìsinmi, gìtá béèsì ló ń ta ní ṣọ́ọ̀ṣì wọn: gìtá onígi, oníkùn gbàǹgbà, tí bàbá rẹ̀ fi sílẹ̀ fún un.

Ìyá rẹ̀, Sabina, ló kọ́ ọ béèyàn ṣe ń fara balẹ̀ ta á. Kì í ṣe pé ìyá náà mọ gìtá o. Ẹja ló ń yan ní tiẹ̀. Àmọ́ bó bá jókòó ti ààrò, tí ọmọ rẹ̀ ń ta gìtá nínú ilé, tó sì ń kánjú, ìyá á fi ìka gbá pákó lẹ́ẹ̀mejì: kó, kó. Ìtumọ̀ rẹ̀ ni pé, "O ń sáré. Ta ló ń lé ọ?"

Nígbà tó yá, etí Sabina di. Lẹ́yìn ìyẹn ni kíndìnrín rẹ̀ kọṣẹ́. Lọ́jọ́ tí dókítà ní kí wọ́n gbé e lọ sílé kó lọ sinmi, kò sẹ́ni tí kò mọ irú ìsinmi tí dókítà ń sọ. Ó dùbúlẹ̀ sórí ẹní, ojú wú, ẹsẹ̀ wú, ó ní, "Raphael, orin tí bàbá ẹ fi kọnu ìfẹ́ sí mi, ta á fún mi kí n tó lọ. Etí ti lọ, àmọ́ ẹ̀yìn mi ṣì ń gbọ́ pákó."

Raphael jókòó tì í, ó fi gbogbo agbára ta á. Nígbà tó ta á dé ìdajì, ìyá ní, "Ṣé o ti bẹ̀rẹ̀ ni?"

Ọ̀rọ̀ yẹn gún un wọ egungun. Gìtá onígi láìsí ámpù tó ń gbé ohùn sókè kò lágbára àtimi pákó. Bó ṣe forí lé Ṣómólú nìyẹn lọ́jọ́ kejì, tòun ti gìtá nínú kẹ̀kẹ́, tó ká orúnkún mọ́ àgbọ̀n bíi tata.

Abẹ́ ilé ìtẹ̀wé kan ni ṣọ́ọ̀bù Àǹtí Fàsílátù wà. Wọ́n ṣì ń pọn Raphael nígbà tí obìnrin yìí ti ń tún sípíkà ṣe.

"Ẹ káàsán, mà."

"Káàsán, òpó iná. Kí la fẹ́?"

"Ámpù ni, mà. Ti gìtá béèsì."

"Ta ló máa gbọ́ ọ?"

Ìbéèrè tó ṣe kókó jù nìyẹn, òun gan-an sì ni Raphael purọ́ sí. Oníbàárà méjì wà ní ìdúró. Ta ló fẹ́ sọ lójú wọn pé ìyá òun tó ń kú lọ lòun fẹ́ ta gìtá fún? Ó wúkọ́ lẹ́ẹ̀mẹta. "Ìjọ ni, mà. A tó ọ̀ọ́dúnrún."

Àǹtí Fàsílátù bá wọ́ ámpù ràgàjì kan jáde. Raphael dán an wò lórí sìmẹ́ńtì. Ohùn rẹ̀ nípọn, ó ń rìn jẹ́jẹ́ bí àgbàlagbà. Inú rẹ̀ dùn, ó sanwó, ó gbé e relé.

Ẹni tó ti ń kan ọkọ̀ fún ọdún méjìlá, tí kò rántí pé pákó kì í ṣe sìmẹ́ńtì! Ilé tó dá lórí omi, ikùn gìtá mìíràn ni. Okùn àkọ́kọ́ tó fọwọ́ kàn, ilé gbọ̀n, àwo jábọ́ látorí pẹpẹ. Ohùn inú ámpù wọnú ikùn gìtá, gìtá tún dá a padà fún ámpù, àwọn méjèèjì wá ń hu bí ajá tí mọ́tò tẹ̀ nírù. Sabina ò gbọ́ híhu yẹn. Gbígbọ̀n ilé nìkan ló gbọ́. Ó di ẹní mú, ó figbe bọnu: "Ilé ń rì! Raphael, ilé ń rì o!"

Ó pẹ́ kí àyà ìyá tó balẹ̀. Hadassah, ẹ̀gbọ́n Raphael obìnrin, ń ṣa àfọ́kù àwo, kò gbójú sókè. "Ikú ò bẹ̀ ẹ́ lọ́wẹ̀ o, Raphael. Jẹ́ kó dá iṣẹ́ ẹ̀ ṣe."

Bí ilẹ̀ ṣe mọ́, ó tún gbé ámpù padà sí Ṣómólú.

"Ṣé ọ̀ọ́dúnrún èèyàn yẹn ò gbà á ni?" ni Àǹtí Fàsílátù fi pàdé rẹ̀.

Lọ́tẹ̀ yìí, Raphael ò wúkọ́. "Kò síjọ kankan, mà. Ìyá mi ni. Wọ́n ń kú lọ. Etí wọn ti di, ẹ̀yìn ni wọ́n fi ń gbọ́ ọ látinú pákó."

Ẹ̀rín lọ lójú obìnrin náà. Ó wọ inú ṣọ́ọ̀bù, ó gbé èyí tí kò ju àpótí ìjókòó lọ jáde, èyí tó ń lo bátìrì. "Ò bá ti sọ bẹ́ẹ̀ látàná. Má jẹ́ kó kọjú sí gìtá. Dojú ẹ̀ bolẹ̀ sórí pákó, nítòsí ẹ̀yìn wọn. Faṣọ dí ihò ikùn gìtá kó má baà hu. Kó o sì yí ohùn ẹ̀ wálẹ̀. Ẹnì kan lo fẹ́ bá sọ̀rọ̀, má pariwo mọ́ wọn." Ó tì í ní èjìká. "Lọ. Tètè lọ, òpó iná."

Nígbà tó délé, Hadassah wà lẹ́nu ọ̀nà. Ó yà fún un. Èémí Sabina ti ń jìnnà síra. Raphael ki gèlè ìyá rẹ̀ bọ ihò gìtá, ó dojú ámpù bolẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ èjìká rẹ̀, ó bẹ̀rẹ̀ orin náà.

Pákó gbà á. Ilé ò mì. Ó kàn ń gbọ̀n rírọra, bí ọ̀fun ẹni tó ń fi imú kọrin. Ìyá ò lajú. Ìka Raphael bẹ̀rẹ̀ sí í kánjú, bí ẹni tó fẹ́ parí ọ̀rọ̀ kí àlejò tó jáde.

Kó, kó.

Ìka Sabina ni. Hadassah bú sẹ́rìn-ín, omijé sì bọ́. "O gbọ́ nǹkan tí wọ́n wí? Ta ló ń lé ọ?"

Raphael bẹ̀rẹ̀ sí í ta á jẹ́jẹ́. Nígbà tó bẹ̀rẹ̀ ẹsẹ kejì, ọwọ́ ìyá ti là sílẹ̀ lórí pákó, kò sì kúrò níbẹ̀ mọ́. Hadassah gbé etí lé àyà rẹ̀, ó pẹ́ níbẹ̀.

"Raphael, ó tó. Wọ́n ti lọ."

Raphael ta orin náà dé òpin, bí ìyá ṣe fẹ́ ẹ, kò sáré. Níta, àwọn obìnrin tó ń gba orí afárá pákó kọjá ti ń gbọ́ ọ ní àtẹ́lẹsẹ̀ wọn látìgbà tó ti bẹ̀rẹ̀. Nígbà tó dákẹ́, wọ́n mọ ohun tó ṣẹlẹ̀, wọ́n sọ igbá ẹja kalẹ̀.